Iṣẹ́ Àwòrán Tótòtó àti Pélé Àbẹ̀kẹ́

Tí ẹ bá sún mọ́ irú àwòrán tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, ẹ ò ní rí ojú ẹnikẹ́ni. Àmì dúdú kéékèèké ni ẹ máa rí lórí bébà funfun, bí ìgbà tí ènìyàn da irúgbìn ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Ẹ wá fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀ títí ẹ ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí i pé ènìyàn kan ń wò yín. Àwọn oníbàárà wa ní Itamaga, ní Ìkòròdú, ò mọ orúkọ mìíràn tí wọ́n lè pè é ju àwòrán tótòtó lọ, àwa náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ báyìí. Ojú mi ló ní ó tó. Àwọn ọmọ ìjọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì máa ń bi mí bóyá ó yẹ kí ènìyàn kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí fóònù ti ń ṣe gbogbo nǹkan tán. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì gùn, nítorí náà mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, kí wọ́n fúnra wọn yàn.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí ò le rárá. Mo jáde ìwé mẹ́wàá ní àkókò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn ènìyàn. Bàbá mi, tí wọ́n máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú láràárọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ wọn ní Èkó, fẹ́ kí n kọ́ kọ̀ǹpútà kí n lè di akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan. Wọ́n rí pátákó kan ní Itamaga tí wọ́n kọ “Kọ̀ǹpútà àti Àwòrán” sí, wọ́n sì mú mi lọ síbẹ̀. Ó dà bí ẹni pé Bàbá mi ò ka ìdajì kejì.

Ọ̀gá Káyọ̀dé ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, aṣọ pélébé kan sì máa ń wà ní ọrùn wọn tí wọ́n fi ń nu awò ojú. Wọn ò béèrè ìwé ẹ̀rí mi. Ọwọ́ mi ni wọ́n wò.

“Ọwọ́ ẹ máa ń gbọ̀n?”

“Rárá, sà.”

“O máa ń kánjú?”

Bàbá mi ló dá wọn lóhùn. “Ọ̀gá, tí ẹ bá rán ọmọ yìí lọ ra iyọ̀, ọbẹ̀ á ti jinná kó tó dé.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni Ọ̀gá wí. “Irú ẹ̀ ni mo ń wá.”

Kọ̀ǹpútà wà ní ṣọ́ọ̀bù lóòótọ́, orí tábìlì kan ní kọ̀rọ̀ ló wà, aṣọ sì wà lórí rẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí n tó fọwọ́ kan án. Bébà, yíǹkì àti bírò ẹlẹ́nu tín-ín-rín ni Ọ̀gá gbé síwájú mi. Bí wọ́n ṣe kọ́ iṣẹ́ náà nìyẹn nígbà èwe wọn, nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán fún àwọn ilé ìtẹ̀wé kéékèèké. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìgbà náà ò mọ̀ ju dúdú lọ. Tí wọ́n bá fẹ́ kí òjìji wà lábẹ́ àgbọ̀n ènìyàn, àfi kí ayàwòrán fi àmì wẹ́wẹ́ ṣe é, kó pọ̀ níbi tó ṣú, kó dín níbi tó mọ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ni pé kí n ya ohun kan tó gùn bí ọ̀já sórí bébà, kí òpin rẹ̀ kan dúdú kirikiri, kí òpin kejì funfun, kó sì jẹ́ pé ojú ò ní mọ ibi tí dúdú ti dópin. Àmì nìkan ni kí n lò, mi ò gbọdọ̀ fa ìlà. Ó dà bí iṣẹ́ ọmọdé. Mo gbé ti àkọ́kọ́ fún wọn, wọ́n sún un mọ́ ojú.

“Kí ni èyí?”

“Àmì ni, sà.”

“Èyí ní ìrù. Eléyìí náà ní ìrù. Ṣé mo ní kí o ya alángbá fún mi ni?”

Ohun tó ń fa ìrù náà ni pé mò ń wọ́ bírò kí n tó gbé e sókè. Ó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ tààrà, kó gbéra tààrà. Wọ́n ya bébà náà sí méjì, wọ́n fún mi ní òmíràn. Wọn kì í pariwo mọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ ìró bébà tó ń ya ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹ mọ̀ pé Ọ̀gá ti rí ìrù.

Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ ni wíwo ojú. Kí n tó fi àmì kan ṣoṣo kalẹ̀, mo gbọ́dọ̀ jókòó ti fọ́tò oníbàárà, kí n wò ó dáadáa. Ọ̀gá á wá dojú rẹ̀ bolẹ̀, wọ́n á máa bi mí ní ìbéèrè. Etí wo ló ga ju èkejì lọ? Apá ibo ni ẹnu rẹ̀ wọ́ sí tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín? Kí ni ojú yìí ní tí ojú mìíràn ò ní?

“Etí méjèèjì rí bákan náà, sà,” ni mo wí lọ́jọ́ kan.

“Kò tíì sí ẹni tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀. Padà lọ wò ó.”

Ó wọ̀ mí lára débi pé mo ń wo ojú àwọn èrò nínú ọkọ̀ láti Itamaga dé ilé. Arákùnrin kan yíjú sí mi lọ́jọ́ kan, ó ní, “Àǹtí, ṣé mo jọ ọkọ yín ni?” Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé imú rẹ̀ yà sí òsì.

Nígbà tí Ọ̀gá wá ká aṣọ kúrò lórí kọ̀ǹpútà fún mi, inú mi dùn gan-an. Àwọn fúnra wọn ti lé ní àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó mọ máòsì dì mú. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Ìwé ìlànà àti ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n tẹ́ síwájú, wọ́n ń kà á bí ẹni ń ka Bíbélì. Wọ́n ní ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn gbé máòsì sókè nínú afẹ́fẹ́, àwọn wá ń retí kó ṣiṣẹ́. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ẹni tó gbọ́n, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí àgbàlagbà mìíràn tó gbà láti tún di ọmọ ilé ìwé nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, níwájú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. A ó da fọ́tò bo dígí sikánà, a ó dé e, ìmọ́lẹ̀ á kọjá lábẹ́ rẹ̀, àwòrán náà á sì yọ lójú kọ̀ǹpútà. Nínú ètò àtúnṣe àwòrán, a ó kọ́kọ́ bọ́ àwọ̀ kúrò lára rẹ̀ kó ku dúdú, funfun àti eérú. A ó mú kí dúdú túbọ̀ dú, kí funfun sì túbọ̀ mọ́, torí tí gbogbo ojú bá jẹ́ eérú, kò ní sí imú níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó wá pàṣẹ kí ètò náà fọ́ àwòrán sí àmì. Ọwọ́ wa ni bí àmì ṣe máa tóbi tó wà. Tó bá tóbi jù, oníbàárà á dà bí ẹni tí ilẹ̀ gbígbóná bá jà. Tó bá kéré jù, pírńtà á lẹ̀ wọ́n pọ̀, obìnrin á sì hu irùngbọ̀n.

Àwọn kan rò pé iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni tiwa ti ń bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹyinjú àti bọ́tìnnì, bó ṣe ń da àmì sí ọ̀kan náà ló ń dà á sí èkejì. A ó fa àwòrán náà sún mọ́ wa títí ẹyinjú kan á fi kún gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, a ó wá fi máòsì máa yọ àmì níhìn-ín, ká máa fi òmíràn kún un lọ́hùn-ún. Ààyè funfun kékeré kan gbọ́dọ̀ kù nínú ẹyinjú. Ọ̀gá máa ń pè é ní fèrèsé. “Ṣí fèrèsé fún un,” wọ́n á wí láti ẹ̀yìn mi, “kó lè máa rí wa.”

Ní àsìkò òjò kan ni Alhájà Sídíkátù wá láti Ẹ̀pẹ́. Ẹja yíyan ni wọ́n ń tà, òórùn èéfín sì bá wọn wọlé. Wọ́n tú ọ̀rá, wọ́n tú áńkáṣífì inú rẹ̀, wọ́n mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kékeré kan jáde tí ọ̀rinrin ti mú, tó ti sán káàkiri.

“Màmá mi rèé,” ni Alhájà wí. “Èyí nìkan ló kù. Omi wọlé wa nígbà kan, ó gbé ìyókù lọ.”

“Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ kó tóbi tó?” ni Ọ̀gá bi wọ́n.

“Kó tóbi débi tí ẹni tí ojú ẹ̀ ń ṣú máa fi rí i.”

Wọ́n wá ṣàlàyé. Màmá wọn ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ṣì wà láyé, tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà. Ojú kan ti lọ, èkejì sì ń ṣú lójoojúmọ́. Àwọn dókítà ti ní kò sí nǹkan tí àwọn tún lè ṣe sí i. Ohun kan ṣoṣo tí Ìyá Àgbà ń béèrè ni kí òun tún rí ojú àbúrò òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ti gbé fọ́tò kékeré yẹn fún wọn títí, Ìyá Àgbà kàn ń fi àtàǹpàkò pa á lára ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí wọ́n lọ kí tíṣà kan ládùúgbò, Ìyá Àgbà dúró lójijì níwájú ògiri, wọ́n ní, “Ọkùnrin yìí ń wò mí.” Àwòrán tótòtó ni, ṣọ́ọ̀bù wa ni wọ́n sì ti ṣe é. Dúdú àti funfun tó tóbi yẹn ni ojú wọn ṣì lè mú.

“Ẹ dákun, ẹ tètè bá mi ṣe é, Ọ̀gá,” ni Alhájà wí. “Ojú kan tó kù yìí, a ò mọ ọjọ́ tó máa pa dé.”

Bí Alhájà ṣe jáde ni Ọ̀gá da fọ́tò náà bo dígí sikánà. Ìmọ́lẹ̀ kọjá, àwòrán náà yọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí ìdérí, fọ́tò ò gbéra mọ́. Ọ̀rinrin ti mú un lẹ̀ mọ́ dígí. Ọ̀gá fi etí bébà tín-ín-rín wá abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ń mí díẹ̀díẹ̀. Bébà ẹ̀yìn rẹ̀ wá sọ́wọ́ wọn. Ojú obìnrin náà kù sórí dígí ní wẹ́wẹ́.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá ní, “Ó ṣáà ti wà nínú kọ̀ǹpútà.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ẹ̀rù lóhùn wọn. Wọn ò fi pamọ́. Wọ́n pe Alhájà lórí fóònù, wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, a sì gbọ́ tí Alhájà ń sunkún lọ́hùn-ún. Ní ìparí, Alhájà ní, “Tó bá ti wà níbẹ̀, ẹ bá mi ṣe é dáadáa.”

Ọ̀gá fúnra wọn ló jókòó sídìí rẹ̀. Àwòrán náà kún fún ìsán àti ipa omi. Àṣẹ kan sì wà nínú ètò náà tó máa ń wá ìlà tín-ín-rín àti eruku lára fọ́tò tó ti gbó, tó ń pa wọ́n rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá lò ó. Ojú obìnrin náà mọ́ tónítóní, ó ń dán. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lórí ti àkọ́kọ́, bí a ṣe ń ṣe nígbà náà, ti àkọ́kọ́ sì pa rẹ́. Wọ́n fọ́ ọ sí àmì, wọ́n ṣí fèrèsé sí ẹyinjú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, wọ́n fi sínú férémù oní-dígí. Èmi náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo wò ó. Ó rẹwà gan-an.

A jọ gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́ ni, torí férémù náà wúwo, Ọ̀gá ò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e. Alhájà ti mú Ìyá Àgbà jókòó lórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ọ̀gá tú aṣọ kúrò lára àwòrán, wọ́n gbé e dúró níwájú wọn.

“Sún un sẹ́yìn díẹ̀,” ni Ìyá Àgbà wí. Ọ̀gá sún un. Ìyá Àgbà wò ó pẹ́, orí wọn tẹ̀ sí ọ̀tún kí ojú kan yẹn lè rí i dáadáa. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Obìnrin yìí rẹwà. Ọmọ ta ni?”

Alhájà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí wọn. “Àbúrò yín ni, Ìyá. Màmá mi ni.”

“Àbúrò mi?” Ẹ̀rín náà kúrò lójú wọn. “Ta ló ń tan arúgbó jẹ? Àbúrò mi tí wọ́n kọ nílà níṣojú mi? Pélé ẹ̀ dà?”

Ìgbà yẹn ni Alhájà wo àwòrán náà dáadáa, èmi náà wò ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà dán bí àwo tuntun. Ìlà tín-ín-rín ni pélé, ìlà tín-ín-rín sì ni kọ̀ǹpútà ń wá. Àárín ìsán fọ́tò ni wọ́n wà, ó kó wọn pọ̀ mọ́ ìsán, ó gbá wọn lọ. Fọ́tò náà ò sì pẹ́ lọ́wọ́ wa kó tó bàjẹ́. A ò jókòó tì í bí a ṣe máa ń jókòó ti ìyókù. Lórí rẹ̀ nìkan ni a ò ti béèrè ohun tí ojú yẹn ní tí ojú mìíràn ò ní.

“Ẹ fọ ojú màmá mi!” ni Alhájà pariwo. “Ọ̀gá, ta ló ní kí ẹ bá mi sọ ọ́ di ọmọge Èkó? Fọ́tò tí mo ní, ẹ ti fà á ya. Ojú tó kù, ẹ tún fọ̀ ọ́!”

Ọ̀gá gbé àwòrán náà ti ògiri, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ewú orí wọn.

“Èmi ni mo pa á rẹ́, Ìyá. Ẹ̀rọ ò mọ pélé. Èmi tó jókòó sídìí ẹ̀ ló yẹ kí n mọ̀.”

Mo mọ àwọn ọ̀gá mìíràn ní Itamaga tí wọn ì bá ti dá ọmọ iṣẹ́ lẹ́bi kí wọ́n tó kúrò lórí ìjókòó. Ó dùn mí fún wọn, orí mi sì tún wú.

Ìyá Àgbà na ọwọ́ sí wọn. “Dìde, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “O ò lè dá a padà?”

“Tí ẹ bá lè fi hàn mí bó ṣe rí, Ìyá, màá dá a padà.”

Alhájà kẹ́gàn. “Ìyá tí kò ríran ló máa ya ilà fún yín? Orí bébà wo?”

“Mi ò lè rí bébà,” ni Ìyá Àgbà wí. “Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ọwọ́ mi mọ̀. Èmi ni mo di orí ẹ̀ mú lọ́jọ́ tí olóòlà kọ ọ́. Ìwọ ọmọbìnrin tó dákẹ́ yìí, mo ń gbọ́ èémí ẹ. Wá síbí. Sídíkátù, gbé tìróò mi wá.”

Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n fi ìka wá egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, wọ́n wá gbé igi tìróò lé e. Ó tutù. Wọ́n fa mẹ́ta sí ọ̀tún, gígùn wọn dọ́gba. Wọ́n bọ́ sí òsì, wọ́n fa méjì. Ní ẹ̀kẹta, ọwọ́ wọn dúró.

“Eléyìí ò gún,” ni wọ́n wí. “Ó tẹ̀ sí ìhà etí nísàlẹ̀. Wọ́n ní kí n di orí ẹ̀ mú ṣinṣin. Ó ń ké, ó ń pe orúkọ mi. Àánú ẹ̀ ṣe mí, mo dẹ ọwọ́, ó bá yí orí padà. Gbogbo ayé ẹ̀ ni wọ́n fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilà rẹ̀ wọ́.” Wọ́n wá fa èyí tó kù, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ìhà etí nísàlẹ̀. “Bó ṣe rí nìyẹn. Má fi omi kàn án o.”

A ò mú kámẹ́rà dání, fóònù ìgbà náà tó wà lọ́wọ́ wa ò sì ní kámẹ́rà. Bí mo ṣe wọ ọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ padà sí Ìkòròdú nìyẹn, pẹ̀lú tìróò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì, tí mi ò gbọdọ̀ nu òógùn. Ọ̀gá gba ìjókòó ẹ̀bá fèrèsé fún mi kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí mi, wọ́n gbé férémù lé itan, wọ́n sì ń fi aṣọ awò ojú wọn fẹ́ mi. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ wò mí títí, kò lè mú un mọ́ra.

“Àǹtí, ta ló kọ yín nílà láàárọ̀ yìí?”

Obìnrin kan lẹ́yìn dá a lóhùn: “Ọkọ ẹ̀ ló ń fẹ́ ẹ yẹn. Ṣé o ò rí bó ṣe ń tọ́jú ẹ̀ ni?”

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá bá pariwo, “Má rẹ́rìn-ín! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ á ká!” Ẹ̀rín wọn wá légbá kan.

Ní Itamaga, ayàwòrán fọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi kámẹ́rà tuntun rẹ̀ yà mí láti iwájú. Ọ̀gá gbé ojú mi sí apá kan lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n gbé ojú tí a fọ̀ sí apá kejì. Wọ́n dìde lórí àga.

“Ìwọ ni kí o jókòó.”

“Èmi kẹ̀, sà?”

“Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ ni wọ́n fi hàn. Ìwọ lo mọ bó ṣe lọ lára.”

Lóòótọ́, mo mọ̀ ọ́n. Mo ṣì ń gbọ́ ibi tí igi tìróò náà ti tẹ̀ mí jù, àti ibi tó ti fúyẹ́. Mi ò fa ìlà. Ilà ojú tó ti pẹ́ lára ènìyàn kì í ṣe ìlà dúdú, ibi tó jinlẹ̀ nìkan ló ní òjìji, etí rẹ̀ sì ń gba ìmọ́lẹ̀. Mo ń kó àmì jọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, mò ń yọ wọ́n kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí mò ń fi bírò ṣe é. Bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀, à ń tọ́jú rẹ̀ sí orúkọ tuntun, a ò tún tọ́jú nǹkan kan lórí ti àkọ́kọ́ mọ́. Láti ìgbà náà, òfin ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́. Ọ̀gá jókòó tì mí pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ya á sí méjì. Nígbà tí mo dé ilà kẹta ní òsì, wọ́n sún mọ́ mi.

“Kó wọ́ o,” ni wọ́n wí. “Má ṣàánú ẹ̀. Má tún un ṣe.”

Nígbà tí a padà dé Ẹ̀pẹ́, Alhájà ò kí wa dáadáa. Wọ́n kàn nawọ́ sí ibi tí Ìyá Àgbà jókòó. Ọ̀gá tú aṣọ, wọ́n gbé àwòrán náà dúró, wọ́n gbé e rìn sẹ́yìn kí Ìyá Àgbà tó sọ fún wọn.

Ìyá Àgbà tẹ orí sí ọ̀tún. Wọ́n dìde, Alhájà sáré dì wọ́n mú, wọ́n já ara wọn gbà, wọ́n ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ àwòrán náà. Wọ́n na ọwọ́, ìka wọn bà lé dígí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó tọ ilà kẹta sọ̀ kalẹ̀, ó sì tẹ̀ sí ìhà etí.

“Àbẹ̀kẹ́,” ni wọ́n pè é. “Àbẹ̀kẹ́, ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?”

Alhájà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ń nu awò ojú, wọ́n nù ún títí. Èmi fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti fọ tìróò náà dànù. Wọ́n fi àwòrán náà kọ́ sí ọ̀ọ́kán ibùsùn Ìyá Àgbà. Alhájà sọ fún wa lẹ́yìn náà pé títí ojú yẹn fi ṣú tán, àwòrán náà ni Ìyá Àgbà ń kọ́kọ́ kí láràárọ̀. Nígbà tó ti ṣú tán pàápàá, wọ́n mọ ibi tó wà.

Ohun tó tẹ̀lé e ò ní pẹ́ rárá. Kọ̀ǹpútà tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, kámẹ́rà rọ́pò sikánà, ètò àtúnṣe àwòrán sì ń gbọ́n sí i lọ́dọọdún. Nígbà tí Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Agric, ní Ìkòròdú kan náà, mo kọ́ àwọn ọmọbìnrin mélòó kan níṣẹ́, mo sì ya bébà mọ́ wọn lójú bí Ọ̀gá ṣe yà á mọ́ mi. Lónìí, fóònù yín lè sọ ojú ènìyàn di àmì kí ẹ tó pajú dé. Mo ti rí i, ó dára. Ẹ kàn wo ohun tó ń gbá dànù kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá lè jókòó ti ojú ẹnì kan títí ẹ ó fi mọ etí tó ga ju èkejì lọ, iṣẹ́ yìí ṣì wà fún yín. Tí ẹ bá ń kánjú, ẹ wá òmíràn, kò sí ìjà.

Ọ̀gá ti sinmi. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi ni àwòrán àkọ́kọ́ yẹn, èyí tí a fọ̀. Ara ògiri lókè kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi í kọ́ sí láti ọjọ́ tí a ti Ẹ̀pẹ́ dé, ibi tí kò sí bí ojú wọn ò ṣe ní bà á tí wọ́n bá ti jókòó. Ní yàrá àlejò mi ló wà báyìí. Àwọn àlejò máa ń dúró wò ó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán, fèrèsé sì wà lójú rẹ̀.

“Ẹ wo bó ṣe rẹwà,” wọ́n á wí. “Ta ni?”

Mo máa ń sọ òtítọ́ fún wọn pé kì í ṣe ẹnì kankan.